Ìṣẹ́jú Márùn-ún Ẹ̀gbọ́n

Akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ páálí kan mọ́ ara ògiri yàrá ìmúra. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ́ kí ó má baà já bọ́, ó sì yíjú sí àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ àwọ̀n. Kò sẹ́ni tó dìde lọ kà á. Ó ti rẹ gbogbo wọn. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbá, èyí tí à ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n tó wà lókè, iṣẹ́ oṣù sì ni fún wọn, kì í ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀. Oṣù kẹjọ rèé tí wọ́n ti ń sáré, tí wọ́n ń fò, tí wọ́n ń ṣubú lórí ilẹ̀ pákó. Ìdíje mẹ́ta péré ló kù kí ọdún bọ́ọ̀lù parí, bí wọ́n bá sì pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpele tó wà nísàlẹ̀ ni wọn yóò ti máa gbá a lọ́dún tó ń bọ̀.

Àpáta, ẹni tó síngbọnlẹ̀ jù nínú wọn, ti na gbọọrọ sórí bẹ́ǹṣì, ó fi tówẹ̀lì bojú. Ẹlẹ́rìn-ín, tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé nígbà tí nǹkan bá rọgbọ, ń tú bándéèjì ìka ọwọ́ rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí igun tirẹ̀, ó ń fi aṣọ gbígbóná wé orúnkún ọ̀tún rẹ̀ bí ìyá tó ń wé ọmọ tuntun. Àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé orúnkún yẹn ti ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló lọ ka páálí náà. Òun ló kéré jù níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò tíì pé ọdún kan tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, òun náà sì ti dẹni tó ń gbowó oṣù.

Ohun tó wà nínú páálí kò ṣòro. Ènìyàn méjì ló máa ń dúró lábẹ́ àwọ̀n. Ẹnì kìíní ni yóò máa fi ara dí ọ̀nà. Àpáta àti Ẹlẹ́rìn-ín ni yóò máa pín ìyẹn ṣe, Àpáta fún agbára, Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé ó mọ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Ẹnì kejì ni yóò máa fò gba bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára irin àwọ̀n. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni yóò gbá ìṣẹ́jú márùn-ún, Ẹ̀gbọ́n yóò gbá márùn-ún tó tẹ̀ lé e, wọn yóò sì máa pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ogójì ìṣẹ́jú, abala mẹ́rin oníṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, yóò fi pé. Ogún fún ọmọ ọdún méjìdínlógún, ogún fún ìyá ọlọ́mọ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo páálí, ó wo orúnkún Ẹ̀gbọ́n, inú rẹ̀ kò sì dùn. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá wọn, tó sọ fún wọn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé mẹ́ta ni ẹgbẹ́ yóò máa lò lábẹ́ àwọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀, kì í ṣe mẹ́rin. Lẹ́yìn ìdíje kẹta ni àwọn tó kù yóò gba ìwé àdéhùn tuntun. Kò dárúkọ ẹni tí yóò lọ, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ro ó síwá sẹ́yìn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ Àpáta. Ẹlẹ́rìn-ín ló ń mú àmì wálé fún wọn. Ó wá ku òun àti Ẹ̀gbọ́n. Nílé, ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan, ó ń dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa wú débi pé bàtà kì í wọ̀ ọ́ bó bá ń bọ̀. Ọmọ ti ṣèlérí fún un pé lọ́dún tó ń bọ̀, ìyá òun kò ní dúró nídìí irin ìlọṣọ mọ́. Ìlérí yẹn ló ń gbọ́ létí bó ṣe dúró níwájú páálí.

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan tí a kò rí lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ yòókù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í pariwo pe ènìyàn kúrò lórí pápá. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá ti pé, yóò fi ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, yóò sì wo agbábọ́ọ̀lù náà lójú. Ìbéèrè ni: báwo lara? Ẹni tó bá di ẹ̀ṣẹ́ sókè ń sọ pé ó ti tán lára òun. Ẹni tó bá na àtẹ́lẹwọ́ ń sọ pé ó ṣì kù. Ọwọ́ yẹn lágbára ju páálí lọ. Bí o bá na àtẹ́lẹwọ́, wọn yóò fi ọ́ sílẹ̀, ẹni tó yẹ kó rọ́pò rẹ yóò padà lọ jókòó. Ọdún kẹfà rèé tí Akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń darí wọn, kò sì tíì bi ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì rí.

Nínú ìdíje àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan lọ bí páálí ṣe wí títí wọ́n fi lọ sinmi láàárín. Nígbà tí wọ́n padà dé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní ìṣẹ́jú kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ní ìkarùn-ún, èémí rẹ̀ ń dún fíìn-fíìn nínú ihò imú. Ẹ̀gbọ́n ti dìde, ó ti tú aṣọ gbígbóná kúrò lórúnkún, ó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ní etí pápá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ọwọ́ lé àyà, ó wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó rí akọ̀wé ẹgbẹ́ láàárín àwọn òǹwòran pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ó na àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀gbọ́n padà lọ jókòó.  Ó tún wé orúnkún rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ náà kò gbóná mọ́.

Abala kẹta parí, ìkẹrin bẹ̀rẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ni páálí ní kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láàárín abala méjèèjì, Akọ́nimọ̀ọ́gbá tún fi ọwọ́ lé àyà, ọmọ náà sì tún na àtẹ́lẹwọ́. Ká má parọ́, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó ti gbọ́ lẹ́nu Àpáta pé orúnkún Ẹ̀gbọ́n kì í fẹ́ ìjókòó pípẹ́, pé bó bá tutù, ó máa ń le gan-an. Ó gbọ́ ọ, ó sì ti ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Ohùn kékeré kan tilẹ̀ ń sọ fún un pé bí Ẹ̀gbọ́n bá pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, akọ̀wé yóò rí i pé wọ́n lè ṣe é láìsí i.

Ní ìṣẹ́jú kẹrin abala náà, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, òun kò sì lè gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló di ẹ̀ṣẹ́ sókè níkẹyìn. Ẹ̀gbọ́n sáré wọlé lẹ́yìn ìjókòó tó lé ní ìdajì wákàtí. Bọ́ọ̀lù ta padà lára irin, ó fò, ó sì gbá a mú lókè. Nígbà tó balẹ̀, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Gbogbo ilé eré ló gbọ́ igbe rẹ̀.

Àmì mẹ́rin ni wọ́n fi pàdánù ìdíje náà. Nínú yàrá ìmúra, àwọn ènìyàn ń fọwọ́ gbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́jìká pé ó gbìyànjú, pé ọ̀dọ́ ló ni agbára. Ó ń wo ilẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan, ó sì yọ páálí kúrò lára ògiri.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ délé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ki ẹsẹ̀ bọ omi lọ́wọ́ọ́rọ́ nínú ọpọ́n. Ìyá sún ẹsẹ̀ tirẹ̀ kan, ó ní kí ó ki tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rin kò fẹ́ẹ̀ gba inú ọpọ́n kan, pàápàá nígbà tí méjì bá gùn tó ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.  Ibẹ̀ ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ti akọ̀wé, ti àtẹ́lẹwọ́, ti orúnkún.

Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Ó kọ́kọ́ bọ́ gèlè kúrò lórí, ó fi nu ojú ọmọ rẹ̀.

"Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà nídìí tábìlì ìlọṣọ wa," ó ní. "Àwa mẹ́rin la jọ ń lò ó. Bí ẹni yìí bá jókòó díẹ̀, á dìde fún ẹni yẹn. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ní òun ò jókòó. Ó fẹ́ kí ọ̀gá rí i pé kì í rẹ òun. Lọ́jọ́ kẹta, irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì jó."

"Mi ò mọ̀ pé ẹ máa ń jókòó, Màmá."

"Mo máa ń jókòó dáadáa. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Aṣọ tí mo máa lọ̀ tó bá di ọ̀sán ni mò ń jókòó dè." Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú omi. "Èmi kọ́ ni kó o lọ máa sunkún fún. Lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé Ẹ̀gbọ́n. Ó bá a lórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún tó wú lé àpótí, igi ìtìlẹ́yìn méjì dúró ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Òkìtì ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń wá èkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó. Ọmọ náà ní òun yóò dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa. Ọwọ́ tí mo nà yẹn, irọ́ ni. Ó ti rẹ̀ mí kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Mo sì mọ̀ pé orúnkún yín ò gbọdọ̀ tutù. Mo kàn fẹ́ kí akọ̀wé rí mi jù yín lọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ẹ̀gbọ́n mú ìbọ̀sẹ̀ kan, ó fi wé òmíràn, wọn kò bára mu. Ó gbé e sílẹ̀.

"Mo rí i," ó ní. "Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀, bó ṣe máa ń balẹ̀ yàtọ̀. Mo ti gbá bọ́ọ̀lù pẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Ọwọ́ ẹ ni wọ́n bi, kì í ṣe ọwọ́ mi."

 Ẹ̀gbọ́n ló tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ẹni tí kò ní agbára ìbínú mọ́. Ó ní òun ti kọ̀wé fún akọ̀wé láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé òun kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn ọdún yìí. Òun ni ẹni tó ń lọ nínú àwọn mẹ́rin. Òun ló ní kí wọ́n má dárúkọ òun, nítorí òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú àánú wo òun lórí pápá.

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tó yé e, ó wá jókòó láìjẹ́ pé wọ́n tún sọ fún un.

"Àyè ẹ ti wà nílẹ̀ kó o tó na ọwọ́ yẹn," Ẹ̀gbọ́n ní. "Akọ́nimọ̀ọ́gbá bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí n tó lọ. Mo ní mi ò fẹ́ ayẹyẹ. Mo fẹ́ gbá ìdíje mẹ́ta tó kù yìí, kí n sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn kúrò lórí pápá lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn. Òun ló jókòó tó ń ṣírò iye ìṣẹ́jú tí orúnkún mi lè fi sáré tí kò ní wú, àti iye tó lè fi jókòó tí kò ní le. Márùn-ún, márùn-ún. Tìtorí ẹ̀ náà ni, torí o ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pín agbára. Ó ní àwa méjèèjì la máa gbé ara wa dé òpin ọdún."

 Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mú ìbọ̀sẹ̀ nínú òkìtì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá èkejì wọn. Nígbà tó fẹ́ lọ, Ẹ̀gbọ́n ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kó má ṣe bi òun bóyá ó ń dun òun, nítorí ó ń dun òun.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ bá Akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Àpáta mí kanlẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. 

"O ṣeun tó o sọ ọ́," Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní. "Èmi náà jẹ̀bi, orúnkún kan wà tó yẹ kí n ṣọ́. Àmọ́ láti òní lọ, aago ló máa mú ẹ wọlé, aago ló máa mú ẹ jáde. Mi ò ní bi ẹ́ léèrè mọ́."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ì bá fẹ́ kí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ òun ju ìyẹn lọ.

Nínú ìdíje kejì, ènìyàn mẹ́ta ru ẹrù ènìyàn mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbá. Ìṣẹ́jú tó ń wá lójú méjèèjì ti wá kún ọwọ́ rẹ̀ báyìí, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń bi Àpáta, ó ń bi Ẹlẹ́rìn-ín, bó bá kan òun, aago ló ń wò. Àmì mọ́kànlá ni wọ́n fi lù wọ́n.

Ìdíje kẹta ló kù. Páálí tuntun ti wà lára ògiri, àwọn mẹ́rin ló ṣì wà nínú rẹ̀. Níwájú orúkọ Ẹ̀gbọ́n, kò sí iye ìṣẹ́jú kankan. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wá pẹ̀lú igi méjì lábíyá, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́, ó jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì. Ó ń sọ fún àwọn tó bá jáde wá ibi tí bọ́ọ̀lù yóò ta sí, kò sì fẹ́ẹ̀ ṣì í.

Lọ́jọ́ náà, ara Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yá. Ó ti mú àmì mẹ́rìnlá wálé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, àwọn òǹwòran sì ń pe orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ní àpètúnpè. Ẹgbẹ́ kejì fi àmì kan ṣoṣo ṣíwájú. Akọ̀wé wà ní àyè rẹ̀, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù dúró díẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ̀ ba, ó di orúnkún mú, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń wo òun, kì í ṣe aago. Ó fi ọwọ́ lé àyà.

Ó bi í léèrè.

Gbogbo ilé eré ń pariwo pé kí ó máa bá a lọ. Bó bá na àtẹ́lẹwọ́, òun ni yóò parí rẹ̀, bóyá òun ni gbogbo ènìyàn yóò gbé sókè. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó sì gbé e sókè débi tí gbogbo ènìyàn fi rí i.

Àwọn òǹwòran kùn. Àpáta dìde pẹ̀lú ìráhùn, ó ní ọmọ yìí fẹ́ pa òun, ó sì wọlé. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rìn lọ síbi bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n gbé àwọn igi rẹ̀ kúrò, ó sún sẹ́yìn, àyè kan ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó rẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo rí i. Jókòó."

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, Akọ́nimọ̀ọ́gbá tún bi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ náà sì na àtẹ́lẹwọ́. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó wọlé rọ́pò Ẹlẹ́rìn-ín, ó sì bá wọn dí ọ̀nà títí dé òpin, ṣùgbọ́n Àpáta ló gba bọ́ọ̀lù tó gbẹ̀yìn, òun náà ló jù ú wọlé. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí. Wọn kò ní sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìpele ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fò nínú wọn, agbára dà? Wọ́n kàn gbá ara wọn mú níbi tí wọ́n dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n dìde nígbẹ̀yìn gbogbo wọn. Ó wo pápá náà yíká lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹ́ dì í mú, ó ní kó fi òun sílẹ̀. Igi méjì ló fi rìn kúrò lórí pápá, kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bí ó ṣe tọrọ. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ lé e lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ń gbọ́ bí igi náà ṣe ń kan pákó, kò sì gbàgbé ìró yẹn mọ́ láyé.

Wọ́n fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ìwé àdéhùn tuntun lọ́sẹ̀ kejì, ó sì gbà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo sọ èyí fún, ẹ rí i pé ohun tó parọ́ nítorí rẹ̀, tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ohun tó bà jẹ́ nítorí irọ́ náà ni kò lè rí tún ṣe. Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yẹ kó ti ẹnikẹ́ni lójú. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín, kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó kàn dìde kí orúnkún rẹ̀ tó tutù.